Ahoro Ha Ní Onílé Bí?

Ẹni tí ó bá wọ ilé ẹlòmíràn, tí ó sì gbé ìkòkò kan jáde, olè ni. Ọmọ kékeré ilé-ẹ̀kọ́ pàápàá mọ èyí. Ṣùgbọ́n bí ilé náà bá ti di ahoro láti nǹkan bí 700 ọdún ńkọ́?

Irú ilé bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Mesa Verde, ní ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà. Abẹ́ àpáta tí ó yọ síta bí òrùlé ni àwọn ará ìgbàanì tí a ń pè ní Pueblo kọ́ wọn sí, òkúta lórí òkúta, amọ̀ láàrin wọn. Èyí tí ó tóbi jùlọ, Cliff Palace, ní nǹkan bí 150 yàrá, àti àwọn yàrá róbótó abẹ́ ilẹ̀ tí ó ju 20 lọ, tí í ṣe ibi ìsìn wọn. Ọ̀dá mú kíkankíkan láti 1276 títí dé 1299, wọ́n sì kó lọ sí ìhà gúúsù. Wọn kò parun o: àwọn Hopi àti Zuni òde òní wà lára àwọn ọmọ wọn.

Ní 1891, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Sweden, Gustaf Nordenskiöld, dé ibẹ̀. Ó wa ilẹ̀, ó ya àwòrán, ó sì fi ẹ̀sọ̀ kọ ohun gbogbo sínú ìwé, kò ṣe bí àwọn tí ń wá ohun títà. Nígbà tí ó fẹ́ kó ẹrù náà lọ, a mú un ní ìlú Durango. Ṣùgbọ́n a dá a sílẹ̀, nítorí kò sí òfin tí ó rú. Ẹrù náà kọjá òkun, ó sì dé Helsinki ní Finland nígbẹ̀yìn. Ní 1906 ni ìjọba tó fi òfin dáàbò bo ibẹ̀. Lónìí, àlejò tí ó bá fẹ́ wọ Cliff Palace, olùṣọ́ ní láti ṣamọ̀nà rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ mú àpáàdì kan ṣoṣo.

Níbi tí òfin kò bá sí, ẹ̀ṣẹ̀ ha wà bí? Mo gbà pé bí ọkùnrin yìí kò bá kó wọn, ẹni tí ó burú jù ú lọ ìbá kó wọn tà. Ṣùgbọ́n egungun òkú wà nínú ẹrù náà pẹ̀lú. Ènìyàn lè gbàgbé ìkòkò sí ilé nígbà tí ó bá ń kó lọ. Kò sí ẹni tí í gbàgbé òkú rẹ̀ sínú ibojì, ó tẹ́ ẹ síbẹ̀ ni.

Ní 2020, Finland dá egungun ènìyàn 20 padà, pẹ̀lú ohun 28 tí a sin mọ́ wọn, àwọn ọmọ wọn sì tún wọn sin ní Mesa Verde. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìkòkò náà ṣì wà ní Helsinki.