Ẹni Kẹtàdínlógún Dà?

Nínú Ọ̀ṣẹ́túrá, Ifá sọ ìtàn irúnmọlẹ̀ mẹ́rìndínlógún tí wọ́n ti ìkọ̀lé ọ̀run wá sáyé, tí Ọ̀ṣun sì ṣe ìkẹtàdínlógún wọn. Wọ́n dé ayé, wọ́n lagbó, wọ́n pète, wọn ò pe Ọ̀ṣun sí i. Obìnrin ni, kí ló fẹ́ mọ̀? Láti ọjọ́ náà ni gbogbo nǹkan ti dojú rú mọ́ wọn lọ́wọ́. Òjò ò rọ̀, ẹbọ ò dà, ohun tí wọ́n bá so kì í dúró. Nígbà tí wọ́n tọ Olódùmarè lọ, ìbéèrè kan ló bi wọ́n: ẹni kẹtàdínlógún yín dà?

Ọlá Ọ̀ṣun ni ọ̀pọ̀ awo máa ń tẹnu mọ́ nínú ìtàn yìí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ibi tí ó ń gbá mi lọ́kàn mú ni ìrìn àjò àwọn mẹ́rìndínlógún náà nígbà tí wọ́n padà lọ bẹ Ọ̀ṣun: àgbà ń dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tí wọ́n ti fojú tẹ́ńbẹ́lú. Ibẹ̀ ni mo ti ń wo ayé Jean-Marie Tjibaou.

Kanak ni, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ onílẹ̀, láti abúlé Tiendanite ní Kaledóníà Tuntun, lójú òkun Pàsífíìkì. Wọ́n bí i ní 1936. Faransé ti gba ilẹ̀ náà láti 1853, láti 1887 títí di 1946 ni òfin amúnisìn sì fi há àwọn Kanak mọ́ abúlé tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún wọn. Lórí ilẹ̀ baba wọn, àwọn ni wọ́n di ẹni kẹtàdínlógún. Tjibaou ṣe àlùfáà Kátólíìkì, ó lọ kọ́ ìmọ̀ nípa àṣà àwọn ìran ènìyàn ní Faransé, lẹ́yìn náà ó fi iṣẹ́ àlùfáà sílẹ̀. Ní 1975, ó kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún Kanak jọ sí Nouméa fún àjọ̀dún Melanesia 2000, kí àwọn òyìnbó tí wọ́n jọ ń gbé lè rí wọn. Kó tó béèrè ilẹ̀, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ wo ojú òun.

Ní òru ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá 1984, wọ́n dènà de àwọn ará abúlé rẹ̀ tí ń ti ìpàdé bọ̀ ní Hienghène, wọ́n sì yìnbọn pa mẹ́wàá. Méjì nínú wọn jẹ́ ọmọ ìyá Tjibaou. Títí dòní ni àfọ́kù ọkọ̀ tí wọ́n wà nínú rẹ̀ ń dípẹtà lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n fi í sílẹ̀ fún ìrántí. Ní 1987, ìgbìmọ̀ adájọ́ tí kò sí Kanak kankan nínú rẹ̀ dá àwọn tó yìnbọn sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n ṣe báyìí fún, tó sì tún sọ pé ká jókòó sọ̀rọ̀, sùúrù rẹ̀ kì í ṣe ti ojo.

Ní 1988, àwọn ọ̀dọ́ Kanak kọ lu àwọn ọlọ́pàá ní erékùṣù Ouvéa, wọ́n pa mẹ́rin, wọ́n kó lára àwọn yòókù wọ inú ihò àpáta. Ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún, àwọn ọmọ ogun ya wọ ibẹ̀: Kanak 19 kú, sójà méjì kú. Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn èyí tí Tjibaou, olórí àwọn tó ń béèrè òmìnira, na ọwọ́ sí Jacques Lafleur, olórí àwọn tó fẹ́ kí Faransé dúró, tí wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́ ní Matignon, ní Paris. Ogun rọlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ta ni wọn ò pè? Ouvéa ṣì ń ṣọ̀fọ̀ nígbà tí wọ́n buwọ́ lùwé. Ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún 1989, Tjibaou lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣí ọ̀fọ̀ àwọn 19 náà. Djubelly Wéa, Kanak kan tó gbà pé wọ́n ti ta ẹ̀jẹ̀ àwọn òkú náà, yìnbọn pa á, ó pa Yeiwéné Yeiwéné, alábàáṣiṣẹ́ Tjibaou, pẹ̀lú rẹ̀, ẹ̀ṣọ́ kan sì pa òun náà. N ò dá Wéa láre. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi Ọ̀ṣẹ́túrá wò ó, mo rí i pé ọwọ́ méjì tí wọ́n so pọ̀ ní Paris kò tíì kan ọwọ́ àwọn opó Ouvéa.

Faransé tún ṣe irú rẹ̀. Lọ́dọ̀ babaláwo, ẹni tó lọ̀rọ̀ ni í di ìbò mọ́wọ́, owó ẹyọ fún bẹ́ẹ̀ ni, eegun fún bẹ́ẹ̀ kọ́. Àdéhùn Nouméa ti 1998 ṣètò ìdìbò lórí òmìnira. Ní 2018 àti 2020, àwọn tó ní "rárá" ló borí, àmọ́ àlàfo náà ń dín kù. Ní 2021, àwọn Kanak bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n sún ẹ̀kẹta síwájú, nítorí wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ àwọn tí kòrónà pa. Wọn ò gbọ́. Àwọn Kanak jókòó sílé, àwọn tó dìbò kò tó ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún, "rárá" sì gba ìdá 96.5. Ìbò wo nìyẹn, tí ẹni tó lọ̀rọ̀ kò sí níbẹ̀? Ní 2024, Nouméa gbiná nítorí ìwé orúkọ olùdìbò.

Àwọn ìdílé mẹ́ta ti fi ọ̀nà mìíràn hàn ṣáájú. Lọ́dọ̀ àwọn Kanak, iṣu àti aṣọ ni wọ́n máa ń tẹ́ sílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ tó jáde lẹ́nu. Ní 2004, ọdún 15 lẹ́yìn ìbọn tó pa Tjibaou yẹn, ìdílé Wéa, ti Tjibaou àti ti Yeiwéné pàdé ní ìlànà àwọn baba wọn, wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n sì gbà á lọ́wọ́ ara wọn.