Kí Ló Kù Fún Ẹni Tó Ní Díẹ̀?

Nígbàkígbà tí owó ilé-ẹ̀kọ́ bá dínkù, ohun tí àwọn aláṣẹ máa ń sọ ni pé kí gbogbo wa jọ fara mọ́ ọn ní dọ́gba. Ó dùn ún gbọ́. Àmọ́ ṣé ohun tó dọ́gba náà ni ohun tó tọ́?

Ẹ wo dátà orí fóònù yín. Bí wọ́n bá yọ 500MB nínú 10GB, ẹ lè má tiẹ̀ mọ̀. Bí wọ́n bá yọ ọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ní 600MB péré, ọjọ́ yẹn ti bà jẹ́ fún un. Iye kan náà ni wọ́n yọ o.

Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ jọ ń rán aṣojú kan ṣoṣo lọ sí Àbújá, ṣùgbọ́n wọn ò rí bákan náà. Ìlú ńlá ni Ọ̀wọ̀, ilé-ẹ̀kọ́ sún mọ́ra níbẹ̀. Ní Ọ̀sẹ, láti Ìfọ́n títí dé apá Ùtè àti Arímọgijà, abúlé àti oko ló pọ̀ jù. Ká sọ pé wọ́n ní kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan fi olùkọ́ kan sílẹ̀. Èyí tó ní méjìlá ní ìgboro Ọ̀wọ̀ á ṣẹ́ ku mọ́kànlá. Èyí tó ní méjì lábúlé á ku ẹyọ kan, tí yóò máa kọ́ praimárì kìíní títí dé kẹfà. Lórí ìwé, kò sí ojúsàájú.

Òfin UBE ti ọdún 2004 náà ní irú ọ̀rọ̀ yìí nínú. Ìjọba àpapọ̀ ń pín owó ìrànwọ́ ní dọ́gba fún ìpínlẹ̀ 36 àti Àbújá, àmọ́ ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú ìdajì tirẹ̀ wá. Èrò náà ò burú: kí gómìnà má baà káwọ́ gbera. Ṣùgbọ́n bí gómìnà ò bá mú un wá, ta ló ń jìyà? Ọmọdé tí kò tíì tó dìbò ni.

Òfin yẹn kan náà ka ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi mọ́ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Síbẹ̀, àwọn ọmọ wọ̀nyí ló rọrùn jù láti gé nǹkan wọn. Wọn kì í ṣe ìdánwò, kò sí èsì kankan tó máa dójú ti ẹnikẹ́ni.

Ẹnìkan lè ní, ọmọ Ọ̀wọ̀ tí wọ́n fún mọ́ àádọ́rin ọmọ nínú kíláàsì kan ńkọ́? Òótọ́ ni, òun náà ń jìyà. N ò sọ pé kí wọ́n gba tirẹ̀ fún ọmọ Ùtè. Ohun tí mò ń sọ ni pé ká kọ́kọ́ fẹnu kò lórí ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ kankan ò gbọdọ̀ ṣaláìní: olùkọ́ tó tó, yàrá tí kì í jò, ibi tí ọmọ ọdún mẹ́rin lè fẹsẹ̀ rìn dé. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ká tó máa fi iye orí pín èyí tó kù.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe. Ẹ̀rọ kì í mọ ẹni tó ń fún ní nǹkan, àmọ́ èèyàn ló yan ohun tí ẹ̀rọ máa kà. Ìkànìyàn tó kẹ́yìn ní Nàìjíríà, 2006 ni. Kò sí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi kankan lónìí tí wọ́n kà nínú rẹ̀.

Adékúnlé Ajáṣin, ọmọ Ọ̀wọ̀, wà lára àwọn tó ro ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní 1955. Ohun tí ètò yẹn dúró lé ni pé àpò bàbá ọmọ kọ́ ló yẹ kó pinnu bóyá ọmọ á kàwé. Abúlé tí wọ́n bí i sí náà kò yẹ kó pinnu rẹ̀. Tí wọ́n bá tún ní àwọn fẹ́ gé owó ní dọ́gba, ẹ bi wọ́n ní iye tó máa ṣẹ́ kù, ní ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú orúkọ abúlé rẹ̀.