Ọmọ Tí A Pè Tí Kò Dáhùn

Bíbélì Kíkà: Máàkù 7:31-37, Lúùkù 1:57-64

Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi. Ojú ló ń tì mí láti kọ ọ́, nítorí pé ẹ̀ṣẹ̀ tèmi wà nínú rẹ̀.

Nínú ìtàn tí Máàkù kọ, àwọn ènìyàn mú ọkùnrin adití kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara tọ Jésù wá, wọ́n bẹ̀ Ẹ́ kí Ó gbé ọwọ́ lé e. Ẹ wo ohun tí Olúwa ṣe. Kò dúró láàárín èrò. Ó mú un yà sọ́tọ̀, Ó fi ìka kan etí rẹ̀, Ó tọ́ ahọ́n rẹ̀, Ó gbójú sókè ọ̀run. Ọkùnrin yìí kò lè gbọ́ ìwàásù, ṣùgbọ́n ó lè ríran, bí a bá sì fọwọ́ kàn án yóò mọ̀ ọ́n lára. Kí Olúwa tó pàṣẹ kí etí náà ṣí, Ó ti fi ọwọ́ àti ojú bá a sọ̀rọ̀ ní ọ̀nà tí yóò yé e. Àwa tí a ń wàásù lórí iṣẹ́ ìyanu yìí, a máa ń sáré dé ibi tí etí ti ṣí. A kì í dúró níbi ìka yẹn.

Èmi náà sáré. Ọmọbìnrin mi bímọ, ọmọ náà pé ọdún kan àbọ̀, kò tíì pe ẹnikẹ́ni ní màmá. Ìyá rẹ̀ ní ẹ̀rù ń ba òun. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé bàbá ọmọ náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, pé ọmọ tó bá pẹ́ sọ̀rọ̀, ọlọ́gbọ́n ni yóò jẹ́. Mo gbé ìkòkò, mo lù ú lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ yíjú. Mo ní, “Ṣé o ti rí i báyìí?” N kò mọ̀ pé ilẹ̀ tó mì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ àti òjìji ọwọ́ mi ló mú kó yíjú. Bí mo bá pè é tí kò wá, mo máa ń nà án pé olóríkunkun ni. Ó ti lé lọ́mọ ọdún mẹ́ta kí a tó gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ yẹ etí wò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún wa pé ọmọ tí mo ń nà kò gbọ́ ìpè mi rí.

Ẹ̀yin ìyá, ọmọ inú oyún ti ń gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ kó tó wáyé. Ọpọlọ ìkókó kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ìwádìí kan tí Christine Yoshinaga-Itano àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Colorado ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n gbé jáde ní 1998, fi hàn pé àwọn ọmọ tí a mọ̀ pé etí wọn ní àléébù kí wọ́n tó pé oṣù mẹ́fà, tí a sì tètè ràn lọ́wọ́, ní èdè ju àwọn tí a mọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà lọ, ìbáà jẹ́ ẹnu ni wọ́n fi ń sọ ọ́, ìbáà jẹ́ ọwọ́. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ fi ní kí a yẹ etí wò kí ọmọ tó pé oṣù kan, kí a mọ òdodo ọ̀rọ̀ kó tó pé mẹ́ta, kí ìrànlọ́wọ́ sì bẹ̀rẹ̀ kó tó pé mẹ́fà.

Kì í ṣe gbogbo etí tó ní àléébù ló dí pátápátá. Ọmọ mìíràn ń gbọ́ ààrá, ó ń gbọ́ ìlù, ó sì ń gbọ́ ọkọ̀ akẹ́rù, ṣùgbọ́n “fẹ́”, “sẹ́” àti “ṣẹ́” lè jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà létí rẹ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ la máa ń pè ní aláìgbọràn. Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn lè ran òun lọ́wọ́ púpọ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé bí a bá fi ọwọ́ bá adití sọ̀rọ̀, kò ní í fi ẹnu sọ̀rọ̀ láéláé. N kò fara mọ́ ọn. Ní 1991, Laura-Ann Petitto àti Paula Marentette ní Montreal ní Kánádà fi hàn pé ìkókó adití tó ń rí èdè àfọwọ́sọ nílé a máa fi ìka ṣeré ọ̀rọ̀, bí tiwa ṣe ń fi ẹnu wí “ba-ba-ba.” Èdè ti wà nínú ọmọ náà, ọ̀nà ló ń wá. Àwọn ará ilé Sekaráyà mọ èyí. Nígbà tí kò lè fọhùn, ọwọ́ ni wọ́n fi bi í léèrè orúkọ ọmọ, ó gba wàláà, ó kọ ọ́. Ẹnikẹ́ni kò ní kó dúró dìgbà tí ohùn rẹ̀ bá padà.

Andrew Foster náà kò dúró. Ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ni, yírùnyírùn ló dí i létí nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 11. Òun ló dá ilé-ìwé adití sílẹ̀ ní Gánà ní 1957, tó sì dá òmíràn sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960. Ní Surulere l'Ékòó pẹ̀lú, ilé-ìwé adití wà tó ń jẹ́ orúkọ Wesley bàbá wa. Mélòó nínú wa ló ti dé ibẹ̀ rí?

Mi ò sọ pé ká má gbàdúrà o. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a ń gbé láti orí òkè kan dé òmíràn, tí a ń wá ẹni tó fi í ré, ọdún rẹ̀ ń lọ láìní ọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ tí a bá gbàdúrà náà ni kí a lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Bí ojú ìkókó bá pọ́n bí ìyeyè, ẹ má fi falẹ̀. Etí tó ń ṣọyún, ẹ má da àdí sí i. Bí ẹ bá sì ń bá ọmọ náà sọ̀rọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ojú yín bá tirẹ̀ dọ́gba, kí ìmọ́lẹ̀ wà lójú yín, kì í ṣe lẹ́yìn yín. Àwọn àgbà kúkú ti ní ojú lọ̀rọ̀ wà.

Ọmọ-ọmọ mi ti pé ọdún méje báyìí, ó wà ní ilé-ìwé adití, ìyá rẹ̀ àti èmi náà sì ń kọ́ èdè àfọwọ́sọ. Ní oṣù tó kọjá, a jókòó lórí ẹní, ó fi ọwọ́ bi mí pé kí ló dé tí mo máa ń na òun nígbà yẹn. Mo wá èsì lọ́wọ́ mi, n kò rí i. Mo pe ìyá rẹ̀ láti ilé ìdáná pé kó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ sọ pé, “Má bínú sí mi.” Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, kò yé e. Ó wá di ìka mi mú, ó tò wọ́n bó ṣe yẹ, ó ní kí n tún un ṣe.