Ọkọ̀ Tí A Gbàgbé Sínú Ẹrẹ̀



Anders Franzén, ọmọ ilẹ̀ Swídìn, tí a bí ní ọdún 1918, kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìtàn. Iṣẹ́ ẹnjiníà epo ni ó fi ń jẹun, ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ tí ó ti rì ni ó gba ọkàn rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Vasa, ọkọ̀ ogun ọba, tí ó gbé ìbọn àgbá 64. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1628, kò tíì rìn tó máìlì kan ní èbúté Stockholm tí afẹ́fẹ́ fi dà á nù, tí ó sì rì níṣojú àwọn ará ìlú.

Ẹ wo ohun tí ayé ṣe sí i. Ní àwọn ọdún 1660, àwọn amòòkùn sọ̀kalẹ̀, wọ́n kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìbọn rẹ̀, nítorí idẹ olówó iyebíye ni wọ́n. Wọ́n fi ọkọ̀ sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀, a sì gbàgbé ibi tí ó wà.

Franzén mọ̀ pé kòkòrò tí ń jẹ igi ọkọ̀ kì í gbilẹ̀ nínú omi Baltic, nítorí iyọ̀ rẹ̀ kéré. Ó gbàgbọ́ pé Vasa kò tíì jẹrà. Ó yẹ ìwé àtijọ́ wò, ó wọ ọkọ̀ kékeré, ó ń fi ìwọ̀ irin wọ́ ìsàlẹ̀ omi. Ọdún ń gorí ọdún, pàǹtí ni ó ń fà sókè. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1956, irin rẹ̀ gé ègé igi óákù dúdú wá. Ó ti rí i! Àwọn amòòkùn gbẹ́ ihò 6 gba abẹ́ ọkọ̀ náà kọjá, wọ́n fi okùn irin gbé e díẹ̀díẹ̀, ó sì jáde sí ìmọ́lẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 1961.

Ará mi, ǹjẹ́ àwa kò ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí arákùnrin wa? Nígbà tí ó rí já jẹ, gbogbo wa mọ ọ̀nà ilé rẹ̀ bí àsìkò ìkórè bá dé. Nígbà tí ó ṣubú, tí a kò rí i ní Misa mọ́, ta ni ó kan ìlẹ̀kùn rẹ̀? Èmi alùfáà yín pẹ̀lú jẹ̀bi. A kó ìbọn, a fi ọkọ̀ sílẹ̀.

Olúwa wa kò ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ohun ìní wa ni ó ń wá. Àwa fúnra wa ni ó ń wá, bí obìnrin tí ó tan fìtílà tí ó sì gbá ilé nítorí ẹyọ owó kan. Ìrìbọmi ti fi èdìdì sí ọkàn arákùnrin náà, ẹ̀ṣẹ̀ kò sì lè pa á rẹ́. Ó rì ni, kò jẹrà.

Nítorí náà, ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí olúkúlùkù yín lọ kí ẹnì kan tí ó ti pẹ́ tí kò wá. Ẹ má ṣe bá a wí, ẹ má sì bèèrè owó ìjọ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá dákẹ́, ẹ tún padà lọ. Sùúrù ni baba ìwà. Bí ó bá sì jẹ́ ìwọ tí ń ka ìwé yìí ni ẹni náà, máa bọ̀. Mo ń dúró dè ọ́ níbi ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀.

Kí Màríà Wúndíá, Ìràwọ̀ Òkun, kí ó máa bẹ̀bẹ̀ fún wa. Àmín.