Dídá Wà Nínú Igbó Etílé

Àwọn kan wà láàárín wa, pàápàá jùlọ àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ti kàwé, tí ó máa ń wù láti di ẹrù kékeré sí ẹ̀yìn, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn wọ inú igbó tàbí kí wọ́n gun orí òkè, kí wọ́n sì sùn níbẹ̀ ní alẹ́ kan tàbí méjì, níbi tí ariwo ọjà àti ti ọkọ̀ kò lè dé. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sì máa ń sọ ni pé kò sí irú ibẹ̀ nítòsí, pé àfi kí ènìyàn wọ ọkọ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Òtítọ́ ha ni? Ìbéèrè mìíràn sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ó wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ: ó ha tọ́ kí ọmọlúwàbí kúrò láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀ láti lọ dá wà?

Ní ilẹ̀ wa, ìbéèrè kejì yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Àwọn àgbà ní ènìyàn ni aṣọ. Bí wọ́n bá rí ẹni tí ó ń dá rìn nínú igbó, tí kò gbé àdá, tí kò gbé ìbọn, tí kò sì ru igi, wọn yóò bi í léèrè ohun tí ó ń wá. Bí ó bá ní òun kò wá nǹkan kan, ìfura wọn yóò pọ̀ sí i. A kò dá wọn lẹ́bi. Ẹni tí kò ní iṣẹ́ nínú oko lè jẹ́ olè; ó sì lè jẹ́ ẹni tí ìbànújẹ́ lé kúrò nílé, tí ó yẹ kí a mú padà. Nítorí náà ẹni tí ó bá fẹ́ dá wà ní àlàyé láti ṣe fún àwọn ará ilé rẹ̀ kí ó tó jáde.

Síbẹ̀ àwọn baba wa kò ṣàì mọ adùn ìdákẹ́jẹ́. Oríṣi oko méjì ni wọ́n ní: oko etílé, èyí tí ènìyàn lè lọ ní òwúrọ̀ kí ó sì padà ní ìrọ̀lẹ́, àti oko egàn, èyí tí ó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń kọ́ ahéré síbẹ̀, tí wọ́n sì ń sùn níbẹ̀ títí ọjọ́ ọjà yóò fi pé. Gbígbé ẹrù, rírìn, dídá iná, sísùn sábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ: kò sí ọ̀kan tí ó jẹ́ tuntun fún wa nínú ohun tí àwọn òyìnbó ń fi ṣe eré ìsinmi. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé iṣẹ́ ni ó gbé àwọn baba wa lọ. Ìdákẹ́jẹ́ jẹ́ èrè tí wọn kò bèèrè.

Ẹni tí ó bá ń gbé ní Ìfira kò ní láti kúrò ní ilẹ̀ Àkókó kí ó tó rí òkè. Àpáta ńláńlá yọrí káàkiri láàárín oko àti ilé. Ní Ọ̀kà àti ní Ìkàrẹ́, wọ́n sún mọ́ ilé tó bẹ́ẹ̀ tí òjìji wọn fi ń bo òrùlé. Ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra, kí a má ṣe rò pé ibi tí kò sí ènìyàn lónìí kò ní ènìyàn rí. Nígbà tí àwọn ọmọ-ogun Núpé ń kó àwọn ará Àkókó lẹ́rú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, orí òkè àti inú ihò àpáta ni àwọn ènìyàn sá sí. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ-ogun Royal Niger Company ṣẹ́gun Bídà ní ọdún 1897 ni ẹ̀rù náà tó kúrò. Ní Ìdànrè pẹ̀lú, orí òkè ni ìlú wà títí di àwọn ọdún lẹ́yìn 1920. Àtẹ̀gùn tí ó ju 600 lọ ni àwọn àlejò ń gùn dé ìlú àtijọ́ náà. Ní Ìsàrun, tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́, nínú ihò àpáta tí àwọn ìwé ń pè ní Iwo Eleru, ọ̀jọ̀gbọ́n Thurstan Shaw àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ hú egungun ènìyàn kan jáde ní ọdún 1965, èyí tí ó ti wà níbẹ̀ ju 11,000 ọdún lọ. Ibi tí àwa ń wá fún àdádó, ẹlòmíràn ti fi ṣe ilé rí; ó ti dáná níbẹ̀, ó sì ti sin òkú rẹ̀ síbẹ̀. Kò yẹ kí a lọ pariwo níbẹ̀, kò sì yẹ kí a kọ orúkọ wa sára àpáta, bí àwọn kan ti máa ń ṣe.

Ẹlòmíràn lè wí pé ibi tí ó sún mọ́ ilé kì í ṣe àdádó tòótọ́. Kí ó wo ọkùnrin Amẹ́ríkà nì, Henry David Thoreau, tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí pé ó dá gbé inú igbó ní etí adágún Walden láti oṣù keje ọdún 1845 títí di oṣù kẹsàn-án ọdún 1847. Ilé kékeré tí ó kọ́ síbẹ̀ kò tó kìlómítà mẹ́ta sí àárín ìlú rẹ̀, Concord. Ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin gba etí omi náà kọjá. Òun pàápàá a sì máa rìn padà sílé lọ kí àwọn ẹbí rẹ̀. Àwọn kan ti fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀. Lójú tiwa, èyí gan-an ni ó mú kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúlò. Bí ó bá jẹ́ pé ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò dé rí ni ó lọ, kí ni olùkọ́ tí ó ní ọjọ́ méjì péré fún ìsinmi ìbá rí kọ́ lára rẹ̀?

Ilẹ̀ tí Thoreau kọ́lé sí kì í sì í ṣe tirẹ̀. Ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Emerson ni, ó sì gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ilẹ̀ Norway, òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 1957 fún ẹnikẹ́ni láyè láti rìn nínú igbó tí a kò dá oko sí, àti láti pàgọ́ síbẹ̀ fún ọjọ́ méjì, bí àgọ́ náà bá ti jìnnà sí ilé onílé tó 150 mítà. Òfin dáradára ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe tiwa. Ní Àkókó, igbó tí ó dàbí ẹni pé kò ní olówó, ìdílé kan ni ó ni ín; kòkó ẹnìkan tàbí iṣu ẹnìkan wà ní ìsàlẹ̀ àpáta tí a ń wò. Ẹni tí ó bá rí ààlè tí a so mọ́ igi, kí ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń bá òun sọ. Bí a bá sì sọ fún wa pé igbó kan jẹ́ ti orò ìlú, kí a yà fún un, bí a tilẹ̀ jẹ́ onígbàgbọ́. Ìwà àlejò nìyẹn.

Ẹ̀rù mìíràn wà tí kò ṣeé fi pamọ́. Àwọn ajínigbé ti sọ igbó àti ojú ọ̀nà Àkókó di ibi ìbẹ̀rù ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí. Irú ewu bẹ́ẹ̀ ni ó mú kí àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá dá ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní ọdún 2020, tí gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó nígbà náà, Rotimi Akeredolu, sì fi pàṣẹ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021 pé kí àwọn darandaran kúrò nínú igbó ọba láàárín ọjọ́ méje. Ìyá tí ó bá ní kí ọmọ òun má ṣe sùn nínú igbó kì í ṣe òpè. Bí ìlú bá wà nínú ìbẹ̀rù, kí a dúró sílé, kí a sì ka ìwé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ara bá rọ̀ díẹ̀, a rò pé ìwọ̀n kan wà tí ó tọ́: kí a lọ jìnnà dé ibi tí a ti lè gbọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n tí a kò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ènìyàn. Àpáta tí ó wà lẹ́yìn oko etílé sábà máa ń tó bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀ ni tẹlifóònù ti sábà máa ń ṣiṣẹ́ jùlọ pẹ̀lú, nítorí pé ibẹ̀ ga.

Ìyanu ọ̀rọ̀ náà ni pé ẹni tí ó fẹ́ dá wà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ di ẹni mímọ̀ fún ènìyàn púpọ̀. Ó gbọ́dọ̀ bèèrè ahoro àti ọ̀nà àtijọ́ lọ́wọ́ àwọn arúgbó. Ó gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn ọdẹ ibi tí òun yóò sùn sí, nítorí pé tàkúté kò mọ akẹ́kọ̀ọ́ yàtọ̀ sí òkété, ìbọn òru kò sì ní ojú. Ó gbọ́dọ̀ sọ wákàtí tí òun yóò padà, kí ó sì padà ní wákàtí náà. Bí ó bá jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ó gbé omi tirẹ̀ dání, kí ó má sì dá iná rárá, nítorí pé koríko gbígbẹ lábẹ́ ọyẹ́ lè jó oko kòkó ogún ọdún ní ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo. Gààrí kò fẹ́ iná. Ọ̀rá àti ike tí ó gbé lọ, kí ó gbé e padà.

Ní ti olóko tí ó bá pàdé wa ní ẹsẹ̀ òkè tí ó sì bi wá léèrè ohun tí a ń wá, kí a kí i bí ó ti yẹ, kí a dárúkọ ìdílé wa, kí a sì sọ fún un pé ìdákẹ́jẹ́ ni. Bí ó bá rẹ́rìn-ín, kí a bá a rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, kí a bi í ní apá ibi tí àpáta náà ti rọrùn láti gùn.