Irọ́ Sáré, Òtítọ́ Bá A

Ọpẹ́ ni fún Allāhu, Ọba tí ohunkóhun kò pamọ́ fún. Kí ìkẹ́ àti ọlà máa bá Ànábì wa Muhammad (S.A.W.), ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹ jẹ́ kí á fi eré ìje kan ṣe àríkọ́gbọ́n. Ní ọdún 2000, níbi ìdíje Òlíḿpíìkì ní Sydney, Clement Chukwu, Jude Monye, Sunday Bada àti Enefiok Udo-Obong bá Nàìjíríà sáré ìje 4 x 400 mítà, èyí tí a ń fa ọ̀pá lé ara ẹni lọ́wọ́. Ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú-àáyá 58.68 ni wọ́n fi parí rẹ̀. Amẹ́ríkà gba wúrà, àwọn tiwa gba fàdákà.

Ní ọdún 2008, Antonio Pettigrew, ọ̀kan nínú àwọn ará Amẹ́ríkà náà, jẹ́wọ́ nílé ẹjọ́ pé òun ti ń lo oògùn tí òfin kọ̀ láti ọdún 1997. Àyẹ̀wò kò mú un. Ẹnu ara rẹ̀ ni ó mú un. Wọ́n gba wúrà náà lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ní ọdún 2012, wọ́n fi í fún Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n Sunday Bada ti kú ní oṣù Disẹ́ḿbà ọdún 2011.

Ẹnì kan lè bi wá pé: èrè wo wá ni Bada rí? Ìbéèrè náà tọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ayé nìkan ni ibi ìṣirò, olódodo ìbá máa pàdánù nígbà púpọ̀. Ìdí nìyí tí a fi gba Ọjọ́ Ìkẹyìn gbọ́, ọjọ́ tí ìdájọ́ kò ní pẹ́ jù fún ẹnikẹ́ni. Sùúrà Yāsīn kọ́ wa pé ẹsẹ̀ pàápàá yóò jẹ́rìí lọ́jọ́ náà. Ẹsẹ̀ tí ó fi èrú sáré ńkọ́?

Ẹ má jẹ́ kí á máa wo Amẹ́ríkà nìkan. Àwa tí a ń kọ́ni ní ilé-kéwú ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ṣe àlùwàlá tán, tí ó kọ āyah sí àtẹ́lẹwọ́, tí ó wọlé lọ ṣe ìdánwò Àlùkùránì. A mọ òbí tí ó sanwó ẹ́kísípò fún ọmọ rẹ̀ nínú ìdánwò oníwèé mẹ́wàá. Ìwé ẹ̀rí yẹn náà, wúrà èrú ni.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ẹni tí ó bá ní ẹ́kísípò lọ́wọ́, kí ó fà á ya lónìí. Fàdákà tí a fi òógùn wa gbà sàn fún wa.

Kí Allāhu fi wá sí ara àwọn olódodo. Āmīn. Wa s-salāmu ‘alaykum.