Pákò Tí Opó Lè Dá Padà

Bí ó bá ti di nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ní ọjà Ìkòtun l'Ékòó, ohùn àwọn tó ń pe èrò "Ìgàndó! Ìyànà-Ìbà!" a máa bo ti ọlọ́jà mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo obìnrin kan tó jókòó lẹ́nu ìsọ̀ rẹ̀ níbẹ̀, tó ń ká àǹkárá tí oníbàárà tú wò tí kò rà. Ó ti lé díẹ̀ ní ogójì ọdún. Ọdún kẹta rèé tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọmọ mẹ́ta ló fi sílẹ̀, àti ilé kan lórí ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì ní Ìgàndó, tí wọ́n ti kan òrùlé rẹ̀ ṣùgbọ́n tí wọn ò tíì rẹ́. N kò dárúkọ rẹ̀, torí pé kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ti pẹ́ díẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ níbí yóò mọ mẹ́rin márùn-ún irú rẹ̀ ládùúgbò.

Láàárín ọjọ́ kan, ohùn mẹ́ta ni yóò gbọ́. Láàárọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì yà sí ìsọ̀: "Ìyá àwọn ọmọ, ó tó gẹ́ẹ́. Ọdún mẹ́ta kì í ṣe ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ wá ẹni tí ẹ ó jọ máa sọ̀rọ̀ lálẹ́." Lọ́sàn-án, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ pè é láti Ẹgbẹ́dá: "Ìyàwó, a gbọ́ pé ọkùnrin kan ń fi mọ́tò gbé ọ wálé. Má gbàgbé ilé ẹni tí o wà o." Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, bí ó ṣe ń wé gèlè tuntun níwájú dígí, àkọ́bí rẹ̀ tó ń lọ sí yunifásítì LASU dúró lẹ́nu ọ̀nà: "Mọ́mì, ibo lẹ tún ń lọ?" Ó tú gèlè náà. Ó tún un wé. Kò dáhùn.

Bí irú ọ̀rọ̀ yìí bá délẹ̀, opó la máa ń gbé sórí ìwọ̀n. Ṣé ó ní sùúrù? Ṣé kò tètè gbàgbé ọkọ? Ṣé ọmọlúàbí ni? Lójú tèmi, àwọn tó ń bá a sọ̀rọ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ wọ̀n. Ohun tí Yorùbá ń pè ní ìwà ọmọlúàbí kò mọ sórí ìkúnlẹ̀ àti ẹ kú àárọ̀. Ọ̀rọ̀ sísọ wà nínú rẹ̀, inú rere wà nínú rẹ̀, òtítọ́, ìtẹríba, akínkanjú, iṣẹ́ àti làákàyè sì wà níbẹ̀. Ẹni tó ń gba opó níyànjú láti tún fẹ́ ọkọ, àti ẹni tó ń dá a lẹ́kun, ìdánwò kan náà ni àwọn méjèèjì jókòó sí.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, tún un ṣe, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Nínú rẹ̀ ló ti ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣú opó láyé ìgbà náà. Bí opó bá ti ṣọ̀fọ̀ fún oṣù mẹ́ta, ọkùnrin inú ẹbí olóògbé tó bá fẹ́ ẹ a máa fi pákò ránṣẹ́ sí i. Ọ̀wọ̀ ni pé kí obìnrin náà kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kíní, kó tún kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Bí ó bá dá a padà lẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ ti parí: kò fẹ́.

Ẹ wo pákò yẹn dáadáa. Ohun tí a fi ń fọ ẹnu ni. Ó dà bí ẹni pé àwọn àgbà ń sọ fún ọkùnrin náà pé kó fọ ẹnu rẹ̀ kó tó dá ọ̀rọ̀ ìfẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n fún obìnrin náà láyè láti rò ó. Wọ́n mọ̀ pé bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Omijé kò sọ opó di afọ́jú tí gbogbo ayé yóò máa fà lọ́wọ́.

N kò sọ pé àṣà náà mọ́ tónítóní. Òpìtàn ń sọ̀rọ̀ pákò, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ mọ ojú kejì rẹ̀. Ní 1957, nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ wa nígbà náà sọ ọ́ gbangba pé lábẹ́ àṣà Yorùbá, ìyàwó kì í jogún ọkọ rẹ̀. Ní 1997, nínú ẹjọ́ ìdílé Akinnubi, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tún sọ pé lábẹ́ àṣà kan náà, opó fúnra rẹ̀ wà lára ohun tí olóògbé fi sílẹ̀ fún ẹbí. Àṣà kan náà tó ní kí opó lè dá pákò padà ló kà á mọ́ àga àti ibùsùn. Oṣù April 2014 ni ilé ẹjọ́ náà tó fi ìbínú bu ẹnu àtẹ́ lu irú àṣà bẹ́ẹ̀, nínú ẹjọ́ opó kan láti Awka nílẹ̀ Ìgbò tí wọ́n fẹ́ lé kúrò nílé torí pé kò bí ọmọkùnrin.

Síbẹ̀, ohun kan wà nínú ètò àtijọ́ tí a ti sọ nù. Ẹrù wà lẹ́yìn pákò. Ọkùnrin tó bá ṣú opó ti gba ọmọ, ó ti gba oúnjẹ, ó ti gba oko àti àìsàn. Agbo ilé tó ń rán pákò kò sí mọ́ ní Alímọ̀ṣọ́. Ìkànìyàn 2006 ka èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan sí ìjọba ìbílẹ̀ yìí nìkan. Oníyàrá kan pẹ̀lú pálọ̀ ló pọ̀ jù, àwa tí a jọ ń lo ẹnubodè kan tí a kò mọ orúkọ ara wa. Ojú tó ń wo opó ti di púpọ̀, ọwọ́ tó ń bá a gbẹ́rù sì dín kù. Ibi tí ìmọ̀ràn ọ̀fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹnikẹ́ni tó bá sì sọ pé ọmọbìnrin Yorùbá tó mọ ara rẹ̀ kì í tún ọkọ fẹ́, ẹ bi í léèrè nípa Ẹfúnróyè Tinúbú. Ọkọ àkọ́fẹ́ rẹ̀, ọmọ Òwu, kú ní Abẹ́òkúta. Ó fẹ́ Adélé, ọba Èkó tó wà nígbèkùn. Nígbà tí Adélé náà wàjà ní 1837, ó tún fẹ́ Yésúfù Bàdà, balógun ọba tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ní 1864, àwọn Ẹ̀gbá fi í jẹ Ìyálóde. Kò sí ẹni tó bi í pé ọkọ mélòó lo ti sin kí wọ́n tó fún un lóyè. Ẹ̀bi tirẹ̀ wà níbòmíràn: ó ta ẹrú, ẹnikẹ́ni tó bá sì fi ọmọlúàbí wọ̀n ọ́n kò ní fo ìyẹn. Àmọ́ títún ọkọ fẹ́ kò sí nínú ẹ̀bi náà.

Ẹni tó bá sì sọ pé dandan ni kí opó tún fẹ́, ẹ bi òun náà nípa àwọn tí kò tún ọkọ fẹ́. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti di opó ní 1955. Ọdún mẹ́tàlélógún ló tún lò láyé, ìjà ẹ̀tọ́ obìnrin ló sì fi ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ṣe. H.I.D. Awólọ́wọ̀ sin ọkọ rẹ̀ ní 1987, ó sì gbé ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn rẹ̀ kó tó kú ní 2015, nígbà tó kù díẹ̀ kó pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní ìtòsí wa níbí, nígbà tí wòlíì T.B. Joshua kú ní June 2021, ìyàwó rẹ̀ Evelyn ló gba ìdarí ìjọ ńlá ọkọ rẹ̀ ní Ìkòtun kí ọdún yẹn tó parí. Ọ̀nà tí opó ń gbà padà sáyé kò jọra. Ọkọ ni ti ẹnì kan, iṣẹ́ ni ti ẹlòmíràn.

Àwọn ìwé mímọ́ tí a fi ń halẹ̀ mọ́ opó pàápàá kò le tó ẹnu wa. Àlùkùráánì ní kí opó dúró fún oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Lẹ́yìn èyí, kò ka ẹ̀ṣẹ̀ sí ẹnikẹ́ni lọ́rùn nítorí ohun tó bá fi ara rẹ̀ ṣe lọ́nà tó tọ́. Opó ni Khadijah nígbà tó ránṣẹ́ sí Muhammad pé òun fẹ́ ẹ. Nínú Bíbélì, Pọ́ọ̀lù ní opó lómìnira láti fẹ́ ẹni tó wù ú. Èyí tó wú mi lórí jù ni ti Náómì. Ìyá ọkọ ni. Ọmọ tirẹ̀ ló kú. Síbẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló wá ibi ìsinmi fún Rúùtù, tó sì fi ọ̀nà ilẹ̀ ìpakà Bóásì hàn án.

Ẹ wá jẹ́ ká gbé àwọn olóhùn mẹ́ta wa sórí ìwọ̀n.

Ọ̀rẹ́ inú ẹgbẹ́ ní inú rere, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ sísọ ni ìdánwò rẹ̀. Òótọ́ ni pé òru opó gùn. Àmọ́ "ó tó gẹ́ẹ́" kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń sọ fún ẹni tí ìbànújẹ́ rẹ̀ kò jọ kàn wá. Ta ló fún un ní kàlẹ́ńdà ọkàn ẹlòmíràn? Bó bá jẹ́ ọmọlúàbí, kó kọ́kọ́ bi í bí owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ṣe ń lọ. Kó bá a jókòó ní ìsọ̀ lọ́jọ́ tí ọjà kú. Lẹ́yìn náà, kó rán pákò tirẹ̀: kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́, kó sì gba èsì. Bí ọ̀rẹ́ bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹwàá, kì í ṣe ìmọ̀ràn mọ́, ìyọlẹ́nu ni. Ebi sì lè lé opó sílé ọkọ tí ìfẹ́ kò mú un lọ.

Òtítọ́ ni ìdánwò ẹ̀gbọ́n ọkọ. Ṣé orúkọ àbúrò rẹ̀ ló ń ṣọ́, àbí ilé Ìgàndó? Bó bá jẹ́ orúkọ, ọ̀nà láti ṣọ́ ọ wà. Kó tẹ̀lé opó lọ sí ilé ẹjọ́ gíga Ìpínlẹ̀ Èkó, kí wọ́n jọ gba ìwé àṣẹ tí a fi ń ṣètò ogún, torí orúkọ "next of kin" tí a kọ sí fọ́ọ̀mù báńkì kò sọ ẹnikẹ́ni di ajogún, bí ọ̀pọ̀ ṣe rò. Kó rí i pé ohun ìní olóògbé dé ọwọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ kí ọkùnrin kankan tó dé. Bó bá ti ṣe èyí, ẹ̀rù ta ni yóò tún máa bà á? Ẹni tí kò san owó ilé ẹ̀kọ́ rí láti ọdún mẹ́ta, tó wá ń ka iye ìgbà tí mọ́tò dúró lẹ́nu ọ̀nà opó, ọmọlúàbí kọ́ nìyẹn. Olùṣọ́ ilé ni.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ló nira jù, torí ọmọ náà ń ṣọ̀fọ̀. Opó lè tún ọkọ fẹ́; ọmọ kò lè tún bàbá ní. Ìbínú rẹ̀ kì í ṣe àìmoore, ẹ̀rù ni. Ṣùgbọ́n ìtẹríba ní kó bi ìyá rẹ̀ ní ìbéèrè, kó má fi ẹ̀sùn kàn án lẹ́nu ọ̀nà. "Ibo lẹ ń lọ?" àti "ibo lẹ tún ń lọ?" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Nínú "tún" yẹn ni ìjà wà.

Mo fi opó fúnra rẹ̀ ṣe ìkẹyìn mọ̀ọ́mọ̀. Ìwọ̀n wà fún òun náà. Òtítọ́ ní kó jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ ni àwọn ọmọ yóò ti gbọ́, kó má jẹ́ ẹnu aládùúgbò. Làákàyè ní kó wádìí ọkùnrin náà: ṣé òun ló ń fẹ́, àbí ilé àti ìsọ̀? Ṣé ìyàwó mìíràn wà níbì kan? Kó má tijú láti ní kí wọ́n jọ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Akínkanjú sì ní kó lè sọ "mo fẹ́" láìfi orí pamọ́, tàbí "n kò fẹ́" láìwí àwáwí. Bó bá fẹ́, kò dalẹ̀ òkú. Bí kò bá fẹ́, kò ṣàìsàn. Ọkọ tó kú kò ní orogún. Ìfẹ́ tuntun kò gba ipò rẹ̀, àyè tirẹ̀ ló gbà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí à ń wí yìí, obìnrin wa kò sá fún ìbéèrè náà mọ́. Ó fi abẹ́rẹ́ de gèlè, ó ní kí ọmọ jókòó sórí ibùsùn, ó sì sọ orúkọ ọkùnrin náà, ibi tó ti ń ṣiṣẹ́, àti pé òun kò tíì dá a lóhùn. Ọmọ kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn dìde, ó tẹ etí gèlè tó yọ sẹ́yìn wọlé, ó padà sídìí ìwé rẹ̀.

Bí ó bá jáde sí títì, tó ń dúró de kẹ̀kẹ́, àwa aládùúgbò náà yóò rí i. Ìdánwò tiwa nìyẹn, ó sì rọrùn. Ẹ kí i. Ẹ ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, mà. Gèlè yìí mà yẹ yín." Kí ọ̀rọ̀ yín mọ níbẹ̀.